Irin Ló Ń Bá A Sọ Pé Rárá

Ní gbogbo ọdún tí Akínfẹ́mi ti wà ní Warri, kò sẹ́ni tó gbọ́ kó sọ fún àgbàlagbà pé rárá. Wọ́n a máa fi yìn ín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ìyá a máa tọ́ka sí i fún ọmọ wọn, wọ́n á ní bí àgbà bá ní kí Akínfẹ́mi fi apẹ̀rẹ̀ pọn omi wá, apẹ̀rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wá kiri, kò ní béèrè nǹkan kan. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń sọ ọ́, òun náà á sì rẹ́rìn-ín, á tẹríba. Bẹ́ẹ̀, ìwà kan náà tí gbogbo wa ń yìn yìí ló bá ayé rẹ̀ jẹ́.

Ọmọ Ìlàjẹ ni. Orí omi ni wọ́n bí i sí, nínú ilé onípákó tí wọ́n gbé ka òpó, létí ọ̀kan nínú àwọn odò kéékèèké tó yí Warri ká. Apẹja ni bàbá rẹ̀, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí bàbá náà sì mọ̀ ọ́n kọ́ ọmọ ni ti inú ọkọ̀: ẹni tó jókòó sí ìdí ọkọ̀ ló ń sọ̀rọ̀, àwọn tó kù, kí wọ́n máa wa àjẹ̀ wọn. Bí ẹni méjì bá ń pàṣẹ nínú ọkọ̀ kan, ìsàlẹ̀ odò ni wọ́n jọ ń lọ. Akínfẹ́mi gba ẹ̀kọ́ náà tọkàntọkàn, torí ó rí i pé ó ń gbani là. Àìmọye ìgbà ni ìjì mú wọn lórí omi, wọ́n sì ń padà délé, nítorí pé bàbá ń sọ̀rọ̀, ọmọ ń gbọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ẹ̀kọ́ inú ọkọ̀ lè má ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀.

Nígbà tó yá, epo rọ̀bì dà sínú odò, ẹja kú, àwọ̀n di ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà adìẹ. Bàbá kó wọn wá sí àdúgbò Ogunu ní Warri, kò sì pẹ́ níbẹ̀ tó fi kú. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró ni, ìyàwó rẹ̀ ní ìbànújẹ́ ni. Ìyá yìí ń ta ẹja yíyan ní ọjà Pessu títí òun náà fi tẹ̀lé ọkọ rẹ̀. Akínfẹ́mi ta epo inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó bá wọn gbé yanrìn, ó kọ́ jẹnẹrétọ̀ títúnṣe lọ́wọ́ ọ̀gá kan tó ń fi sípánà báni sọ̀rọ̀ ju ẹnu lọ. Gbogbo ọ̀gá wọ̀nyí ló fẹ́ràn rẹ̀. Ta ni kò ní fẹ́ràn ẹni tí kì í jiyàn?

Epo bẹntiróòlù tó wọ́n gógó ló gbé kèké oníná wọ Warri. Ilé-iṣẹ́ méjì láti Èkó ló kó o dé, wọn kì í sì í kí ara wọn. Ti àkọ́kọ́ kun kèké tiwọn ní àwọ̀ ewé, wọ́n gba ilẹ̀ kan ní Ogunu, wọ́n tẹ́ páńẹ́lì tó ń gba oòrùn sórí òrùlé, wọ́n sì gbé jẹnẹrétọ̀ ńlá kan sẹ́yìn ilé fún ọjọ́ òjò. Ibẹ̀ ni kèké wọn ti ń gba ṣáájì. Èkejì kun tiwọn ní búlúù, àdúgbò Edjeba ni wọ́n dó sí. Púlọ́ọ̀gì oníbúlúù rí pẹlẹbẹ, ti onígírínì rí roboto, ìkankan kò lè wọ ihò èkejì. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹni tó bá ti ra kèké wọn má baà rí ibòmíràn sá lọ. Akínfẹ́mi ni wọ́n gbà ṣe olùtọ́jú ìdí ṣáájì ní Ogunu. Òun ni yóò ki púlọ́ọ̀gì bọ kèké, òun ni yóò máa fọwọ́ kan ara bátìrì wò bóyá ó ń gbóná jù, òun náà ni yóò yọ ọ́.

Ìyà jẹ àwọn awakọ̀ nígbà yẹn. Oníbúlúù tí iná tán mọ́ lọ́wọ́ ní Ogunu yóò wo páńẹ́lì tó tẹ́ lọ rẹrẹ lórí òrùlé onígírínì, síbẹ̀ yóò ti kèké rẹ̀ nínú òjò dé Edjeba. Wọ́n máa ń bẹ Akínfẹ́mi. Àwọn tó lè bí i lọ́mọ máa ń wà nínú wọn, ojú á sì máa tì í. Ohun tó máa ń ṣe ni pé á gbé púlọ́ọ̀gì lé wọn lọ́wọ́ tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, á ní kí àwọn fúnra wọn gbìyànjú ẹ̀ wò. Wọ́n á gbìyànjú ẹ̀ síhìn-ín, wọ́n á gbìyànjú ẹ̀ sọ́hùn-ún, kò ní wọlé. Wọ́n á bú àwọn ọ̀gá Èkó tìyá tìbàbá, wọ́n á kí Akínfẹ́mi pé ó ṣeun, wọ́n á tún máa ti kèké wọn lọ. Kò sẹ́ni tó bínú sí i rí. Irin ló ń bá a sọ pé rárá, òun kò ní láti la ẹnu.

Mojísọ́lá ló fẹ́ fẹ́. Ọmọ Alàgbà Oyèwọlé ni, ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan tó ti ń ta mílíìkì, ṣúgà àti ìyẹ̀fun ní Pessu láti ìgbà èwe rẹ̀. Ọmọ méjì péré ni Alàgbà bí, ìyá wọn sì ti ṣaláìsí: Mojísọ́lá tó ń bá a dúró ní ṣọ́ọ̀bù, àti Fìyìnfólúwa, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń wa kèké búlúù kan tí bàbá rà. Warri ni wọ́n bí Fìyìn sí. Yorùbá yé e yékéyéké, ṣùgbọ́n bí o bá fi Yorùbá bi í léèrè, pidgin ni yóò fi dá ọ lóhùn. "In-law" ló ń pe Akínfẹ́mi láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ kò tíì fẹ́ gbọ́ orúkọ náà sétí. Bí kò bá rí èrò gbé lọ́sàn-án, á wá sí Ogunu pẹ̀lú ẹ̀pà sísun, wọ́n á jọ jẹ ẹ́, lẹ́yìn náà á sùn lọ fọnfọn lórí ìjókòó ẹ̀yìn kèké. Oorun kì í jìnnà sí ojú Fìyìn.

Alàgbà kò fẹ́. Ó sọ ọ́ láìfi bò pé òun kò ní fi ọmọ òun fún ẹni tí wọ́n bí sórí omi, tí kò ní ju kọ́kọ́rọ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́. Ọdún ń gorí ọdún. Akínfẹ́mi ń lọ kí i ní gbogbo Sátidé, ó ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja, Alàgbà ń dá a lóhùn bí ẹni ń lé alágbe. Orúkọ tó ń pè é ni "ọmọkùnrin yìí." Lọ́dún kan tí àgbàrá ya wọ Pessu, tó ń gbé ọjà àwọn èèyàn lọ, Akínfẹ́mi wọ omi dé àyà, ó sì gbé àpò ìyẹ̀fun Alàgbà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó jọ pé ọjọ́ yẹn ni ọkàn bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀. Ní àsẹ̀yìnwá àsẹ̀yìnbọ̀, ó ní kí àwọn ẹbí Akínfẹ́mi wá tọrọ ìyàwó, wọ́n sì dá ìgbéyàwó sí ẹ̀yìn ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Àdúrà kan ṣoṣo tó kù tí Akínfẹ́mi ń gbà ni pé kí ọkàn Alàgbà má yí padà kí ọjọ́ náà tó pé. Ó ń ṣọ́ra bí aláṣọ funfun tó ń kọjá níwájú ìsọ̀ elépo.

Àárín ìgbà yẹn ni àwọn ọ̀gá Èkó bá ara wọn jókòó. Ohun tó parí ìjà wọn kò yé ẹnikẹ́ni. Àwọn kan ní ìjọba ló bá wọn wí, àwọn kan ní àdánù ló là wọ́n lójú. A ṣáà gbọ́ lórí rédíò pé onígírínì àti oníbúlúù ti fohùn ṣọ̀kan, pé púlọ́ọ̀gì roboto kan náà ni gbogbo kèké yóò máa lò, àti pé ilé ṣáájì ọ̀kan ti di ti èkejì. Inú àwọn awakọ̀ dùn dé góńgó. Wọ́n tẹ fèrè kèké títí etí fi ń hó ní Ogunu. Fìyìn dúró sórí ìjókòó, ó nawọ́ sókè, ó ní, "Una see am? Push don finish." Ó sì yẹ kí inú wọn dùn. Ohun rere ni, kí ẹnikẹ́ni má fi ìtàn yìí sọ pé kò dáa.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí rédíò kò fi bẹ́ẹ̀ tẹnu mọ́. Bátìrì oníbúlúù àtijọ́ kò lágbára tó ti onígírínì. Iná tó ń jáde ní Ogunu ju èyí tó lè gbà lọ. Nítorí náà, kèké búlúù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé wọ́kíṣọ́ọ̀bù ilé-iṣẹ́, kí wọ́n yí ihò púlọ́ọ̀gì rẹ̀ padà, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ kékeré kan sí i nínú tí yóò máa sọ fún iná pé ó tó. Bí wọ́n bá parí, wọ́n á lẹ sítíkà pupa mọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò náà. Èyí tí kò bá ní sítíkà kò gbọdọ̀ gba iná, àṣẹ nìyẹn. Èrò pọ̀ ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù, ó ń pẹ́ kó tó kan èèyàn, kíá làwọn tó ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí bá àwọn awakọ̀ yí ihò nìkan. Ihò tuntun á máa dán, á gba púlọ́ọ̀gì wẹ́kú, ẹ̀rọ inú kò sì sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kó àyà Akínfẹ́mi sókè, òun nìkan ló sì mọ ìdí rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ohun tí kò bá yẹ kó wọlé kì í wọlé. Ní báyìí, gbogbo rẹ̀ ló ń wọlé, ẹnu èèyàn ló kù tó máa sọ pé rárá. Ó bẹ Cynthia, ọ̀dọ́bìnrin Urhobo tó jẹ́ ọ̀gá wọn ní Ogunu, pé kó jọ̀wọ́ kó máa dúró lẹ́nu géètì fúnra rẹ̀. Cynthia rẹ́rìn-ín, ó gbà. Bí ẹni tí kò ní sítíkà bá dé, ìbáà ṣe olóyè, ìbáà ṣe pásítọ̀, Cynthia á dá a padà. Wọ́n á bú u, á bú wọn padà, iṣẹ́ á máa lọ. Akínfẹ́mi á wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, á máa ki púlọ́ọ̀gì bọ èyí tí Cynthia bá ti gbà wọlé, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ kan tí ìkórè ti kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, wọ́n pe Cynthia sí ìpàdé ní Edjeba. Òjò ti ń ṣẹ́ winniwinni láti àárọ̀. Akínfẹ́mi àti àwọn awakọ̀ bíi mélòó kan wà lábẹ́ òrùlé nígbà tí kèké búlúù kan wọlé. Fìyìn ló wà á. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn, nínú aṣọ funfun pẹ̀lú agbòjò lọ́wọ́, ni Alàgbà Oyèwọlé. Alàgbà kò dé ibi iṣẹ́ Akínfẹ́mi rí. Akínfẹ́mi sáré jáde, ó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Alàgbà nawọ́ fà á dìde, ó sì sọ ọ́ kí gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ gbọ́:

"Ọmọ mi, mo ní kí n wá wo ibi tó o ti ń ṣiṣẹ́."

Ẹni tí bàbá rẹ̀ ti kú láti kékeré ló lè mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe lára Akínfẹ́mi. Omi lé sí i lójú. Gbogbo Sátidé tó ti fi dọ̀bálẹ̀ lásán, ó gba èrè wọn lójú ẹsẹ̀. Àwọn awakọ̀ ń wò ó, Fìyìn ń ṣẹ́jú sí i, inú rẹ̀ ń dùn fún un.

Alàgbà fi agbòjò tọ́ka sí kèké. Ó ní kó bá àwọn fi iná sí i, pé wọ́n ti yí ihò rẹ̀ sí tuntun.

Akínfẹ́mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ihò náà ń dán. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tó yẹ kí sítíkà pupa wà, kò sí nǹkan kan. Ó tún wò ó. Ó fi àtàǹpàkò nu ibẹ̀, bóyá ẹrẹ̀ ló bò ó. Kò sí. Ó gbójú sókè, ó rí Alàgbà tó ń wo òun.

"Ṣé wọ́n ti parí ẹ̀ pátápátá, sà?"

"Wọ́n ti parí ẹ̀."

Ta ni "wọ́n"? Ìbéèrè tó kù nìyẹn, kò sì gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bó bá béèrè rẹ̀, ó ti pe bàbá ìyàwó rẹ̀ ní òpùrọ́ ní gbangba, láàárín àwọn ọmọ Warri tí wọn kì í jẹ́ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣòfò. Bàbá tó sì jẹ́ pé ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ di bàbá. Àwọn àgbà ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Àwọn àgbà kan náà ló tún ń ní kí ọmọdé panu mọ́ níbi tí àgbà bá wà. Kí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa mú èwo nínú méjèèjì? Akínfẹ́mi ní nínú ara rẹ̀ pé bóyá òjò ló ṣí sítíkà náà dànù. Ó ní òun á dúró tì í, òun á máa fọwọ́ kan bátìrì, bó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ báyìí, òun á yọ ọ́. Ó ki púlọ́ọ̀gì bọ̀ ọ́, ó sì wọlé wẹ́kú.

Fìyìn ya ẹnu, ó yán. Ó tú aṣọ ọ̀rá tí wọ́n fi ń dí ẹ̀gbẹ́ kèké mọ́ òjò sílẹ̀, ó so okùn rẹ̀ dáadáa láti inú, ó sì nà sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Ó ní, "In-law, when e full make you wake me."

Akínfẹ́mi fẹ́ dúró tì í lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Alàgbà ti lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní òdìkejì, lábẹ́ òrùlé, ó sì fọwọ́ pè é kó wá jókòó ti òun. Ó lọ. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni Alàgbà bẹ̀rẹ̀ sí sọ, ohùn rẹ̀ sì tutù bí ti ìgbà tí àgbà ń bá ọmọ inú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní òun fẹ́ kí àwọn ará Ìlàjẹ jókòó síwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun fi àna òun pamọ́. Ó ní òun mọ̀ pé òun ti le jù mọ́ ọn. Akínfẹ́mi ti ń retí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí láti ọdún pípẹ́, síbẹ̀ ojú rẹ̀ kò kúrò lára kèké. Ìgbà kan wà tó ti gbé ìdí sókè. Alàgbà gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó ní kó jẹ́ kí òun parí ọ̀rọ̀. Ó padà jókòó.

Awakọ̀ kan ló kọ́kọ́ rí èéfín. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì wà, abẹ́ ẹ̀yìn ẹni tó ń sùn gan-an. Iná bátìrì kì í bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí iná igi. Ó bú gbàmù lẹ́ẹ̀kan, ó sì ràn mọ́ aṣọ ọ̀rá méjèèjì. Akínfẹ́mi ti débẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mira. Ó fi ọwọ́ lásán di ọ̀rá tó ń jó mú, ó ń fà á, ọ̀rá ń yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, okùn tí Fìyìn so dáadáa nítorí òjò kò já. Àwọn kan da yanrìn, àwọn kan gbé omi wá, ẹnì kan ń pariwo pé omi kọ́. Nígbà tí wọ́n máa fi fà á jáde, ohun tí wọ́n fà jáde kò yẹ kí bàbá rẹ̀ rí i, bàbá rẹ̀ sì rí i. Fìyìn kú sójú ọ̀nà kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Kò tíì ṣe ayẹyẹ ọjọ́ ìbí ńlá kankan láyé rẹ̀, kò tíì ní ìyàwó, kò tíì ṣe nǹkan kan.

Cynthia padà dé, ó bá èéfín. Ó mú Akínfẹ́mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi í bóyá sítíkà wà lára kèké náà. Akínfẹ́mi ní kò sí. Ojú Cynthia pọ́n, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó ti bó, ó sì pa á mọ́ra. Ilé-iṣẹ́ dá Akínfẹ́mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Òun kò bẹ wọ́n.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní àmúwá Ọlọ́run ni. Alàgbà kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn ọ̀gá Èkó ló pa ọmọ òun, àwọn tó so ohun tí kò ṣeé so pọ̀. Ó sọ ọ́ níbi òkú, ó sọ ọ́ ní Pessu, àwọn èèyàn ń mi orí. Ìbáà ṣe pé sítíkà wà tàbí kò sí, iná ti jó ibẹ̀ mọ́ kèké, kò sì sẹ́ni tó béèrè. Ní Ogunu, wọ́n fọ ilẹ̀, wọ́n gba ẹlòmíràn síṣẹ́. Kèké búlúù àti kèké gírínì ń tò sórí ìlà kan náà, púlọ́ọ̀gì kan náà ń wọ gbogbo wọn, àwọn awakọ̀ kò sì ti kèké nínú òjò mọ́.

Mojísọ́lá ló ń wá di egbò ọwọ́ Akínfẹ́mi nínú yàrá rẹ̀ ní Ogunu. Ó ti ru, aṣọ dúdú ọ̀fọ̀ ń jó rẹ̀rẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bó ṣe ń wé báńdéèjì lọ́wọ́, tí kò gbójú sókè, ó bi í léèrè.

"Akin, ṣé sítíkà wà níbẹ̀?"

"Kò sí."

"O rí i pé kò sí?"

"Mo rí i."

Ó wé báńdéèjì náà parí. Kò fi ìbínú fà á. Ó so ó jẹ́jẹ́ bó ṣe máa ń so ó. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún títí, Akínfẹ́mi kò sì ní ọwọ́ tó lè fi gbá a mú. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, "Dìde. Wàá lọ sọ ọ́ fún bàbá mi fúnra rẹ. Bó o bá fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́, mo lè gbìyànjú, bó bá tiẹ̀ máa gbà mí lọ́dún púpọ̀. Bó o bá tún dákẹ́, ó parí."

Edjeba ni ilé Alàgbà. Wọ́n bá a ní pálọ̀, ó jókòó sórí àga, Bíbélì wà lórí itan rẹ̀, kò ṣí i. Ó ti di arúgbó. Akínfẹ́mi fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò gbà. Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Mojísọ́lá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Alàgbà bi í bí ọwọ́ ṣe ń ṣe sí, ó bi í bóyá ó ti jẹun, ó ní kò sí ẹlòmíràn tó kù fún òun láti máa bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Akínfẹ́mi la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó ti tò ó láti Ogunu. A ń kọ́ ọmọ wa bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀. A kò kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń sọ òótọ́ láti orí ìkúnlẹ̀.

"Kí ló dé, ọmọ mi?"

"Mo ní kí n wá kí yín ni, sà."

Mojísọ́lá mí kanlẹ̀. Ó rìn wọ àárín pálọ̀.

"Ó mọ̀, bàbá. Ó rí i pé kò sí sítíkà lára kèké yẹn, ó sì fi iná sí i."

Alàgbà fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn Bíbélì rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Akínfẹ́mi ń retí èpè, ó tilẹ̀ ń fẹ́ kó dé.

"Mo mọ̀ pé ó mọ̀," Alàgbà sọ níkẹyìn. "Mo rí i nígbà tó ń fi ọwọ́ nu ibẹ̀. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa ló bá mi yí i, òun fúnra rẹ̀ ló sì kìlọ̀ fún mi pé kí n má tíì gbé e dé Ogunu. Fìyìn náà kìlọ̀ fún mi. Ó ní Cynthia á dá òun padà. Mo ní àna mi ló wà níbẹ̀, mo ní bí mo bá tẹ̀ lé e lọ, tí mo sọ̀rọ̀ dáadáa fún ọmọkùnrin yẹn, kò ní lè kọ̀ fún mi." Ó gbé ojú sókè, ó wo Akínfẹ́mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé. "Nígbà tó wá bi mí léèrè, ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Mo ní bí nǹkan yìí bá lè pani, á sọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Mo ń dúró kó sọ fún mi pé rárá."

Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni, bóyá inú kò ní bí i ká ní Akínfẹ́mi kọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Òun fúnra rẹ̀ lè má mọ̀ ọ́n. Mojísọ́lá wo bàbá rẹ̀, ó wo ẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ, ó wò wọ́n bí ẹni ń wo àwọn tí kò rí rí. Ó wọ inú ilé lọ. Wọ́n ń gbọ́ tó ń ṣí dúrọ́ọ̀, tó ń pa á dé. Ó jáde pẹ̀lú báàgì kan, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dúró.

"Akin, dìde ká lọ."

Akínfẹ́mi gbé orúnkún kan nílẹ̀. Ó mọ ohun tí ọmọbìnrin yìí ń nà sí òun, ó sì mọ̀ pé kò tún ní nà án mọ́.

"Má lọ," Alàgbà wí. Ohùn rẹ̀ kò le. Ó nawọ́ sí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Má fi mí sílẹ̀ lémi nìkan. Wá jókòó."

Mojísọ́lá dúró, ó ń wò ó. Akínfẹ́mi dìde, ó lọ síbi àga náà, ó sì jókòó. Ó gbọ́ nígbà tí géètì pa dé.